Omi Líle Nínú Ilé: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò àti Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ Di Rírọ̀ ní Àyíká Abuja

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Kubwa, Lugbe, Kuje, Dutse Alhaji àti Mararaba, omi bóòhólù ni a gbọ́kàn lé, ìbáà jẹ́ ti inú ọgbà tàbí ti àdúgbò. Bí súmò, ìyẹn páǹpù tí ń fa omi bóòhólù, bá sì dákẹ́, a ó pe mai ruwa kí ó ti ọmọlanke rẹ̀ wá. Omi abẹ́ ilẹ̀ yìí lè mọ́ gaara lójú, kí ó má ní òórùn, kí ó má sì ní àwọ̀, síbẹ̀ kí ọṣẹ kọ̀ láti hó nínú rẹ̀, kí ìdí kẹ́tùrù máa di funfun, kí irin hítà sì máa jó léraléra. Omi líle ni irú omi bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí onílé ṣe lè mọ bí omi rẹ̀ ṣe le tó, bí ó ṣe lè pinnu bóyá ó tilẹ̀ nílò ẹ̀rọ amómirọ̀ tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní sọ́fínà, àti bí ó ṣe lè gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú ilé tí iná kì í dúró, tí omi sì ń ti orí òpó wálẹ̀. Ní èrò tèmi, ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí ni ó máa ń bà á jẹ́ ju orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ lọ.

Omi òjò kì í le. Bí ó ti ń bọ̀ láti òkè ni ó ti ń gba kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì inú afẹ́fẹ́ sára, ó tún ń gba púpọ̀ sí i láàárín gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà inú ilẹ̀, títí yóò fi di omi tí ó kan díẹ̀, tí ó sì lè máa jẹ òkúta ní jẹ́jẹ́. Kálísíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù tí ó bá jẹ kúrò lára òkúta ni ó ń mú omi le, nítorí náà irú òkúta tí ó wà lábẹ́ ilé ẹni ni ó ń pinnu bí omi yóò ṣe rí. Ní Kalambaina lẹ́bàá Sokoto àti ní Ashaka ní ìpínlẹ̀ Gombe, níbi tí òkúta ẹfun ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí omi kànga bá le. Ní Abuja, àpáta tí ó jẹ́ ẹbí Aso àti Zuma ni ó pọ̀ jù lábẹ́ ilẹ̀, irú èyí kì í sì í yọ kálísíọ̀mù sílẹ̀ bí òkúta ẹfun. Ṣùgbọ́n òkúta mábù wà ní àwọn ibì kan bíi Burum, omi tí a ń rí láàárín àpáta sì máa ń yàtọ̀ láti ihò kan sí èkejì. Bóòhólù méjì lójú pópó kan náà lè mú omi méjì tí kò jọra wá. Omi ìjọba tí ó ń ti ìdídò Lower Usuma wá jẹ́ omi orí ilẹ̀, kì í sábà le tó ti bóòhólù, nítorí náà ẹni tí omi ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé lè má nílò ẹ̀rọ kankan.

Ara ọṣẹ ni àmì àkọ́kọ́ ti máa ń hàn. Ọṣẹ gidi, ìbáà ṣe ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ gígùn tí a ń gé, máa ń di mọ́ kálísíọ̀mù inú omi, ohun tí àwọn méjèèjì bá sì dà kì í yọ́. Òun ni èérí funfun tí ó ń léfòó lójú omi ìfọṣọ, tí ó ń lẹ̀ mọ́ etí báàfù, tí ó sì ń wọ inú òwú aṣọ. Aṣọ funfun yóò pàdánù ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, gíníì àti tówẹ̀lì yóò le gbandi bí wọ́n bá gbẹ, ẹni tí ó ń fọṣọ yóò sì máa da ọṣẹ sí i ṣáá. Ní ìgbà ọyẹ́, tí awọ ara ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yún yóò mọ ìyókù ọṣẹ tí kò ṣàn kúrò yìí lára ju bí ó ṣe ń mọ̀ ọ́n ní ìgbà òjò lọ.

Ilé ìdáná náà ní àmì tirẹ̀, ìkòkò ẹ̀wà sì ni ó sọ ọ́ jù. Ẹ̀wà tí a fi omi líle sè kì í tètè rọ̀, nítorí pé kálísíọ̀mù máa ń mú kí ohun tí ó so ara ẹ̀wà pọ̀ tún dì sí i. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ju kaun sí ẹ̀wà ti ń mú omi rọ̀ láti ayébáyé: kaun, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti agbègbè Adágún Chad wọ ọjà wa, ní kábọ́nétì sódíọ̀mù nínú, èyí tí ó ń fa kálísíọ̀mù jáde kúrò nínú omi, tí ó sì ń mú èèpo ẹ̀wà rọ̀. Bí ẹ̀wà kan náà láti inú àpò kan náà bá ń jiná láìsí kaun nílé ẹlòmíràn, tí ó sì ń ṣorí kunkun nílé yín, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí kí ẹ tó bá ẹni tí ó ta ẹ̀wà jà.

Ibi tí omi líle ti ń náni lówó gan-an ni ibi tí iná bá ti kàn án. Bí omi bá ti ń gbóná, pàápàá bí ó bá ju ìwọ̀n 60 ti Celsius lọ, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ yóò jáde, yóò sì lẹ̀ mọ́ ohun tí ó gbóná jù: ìdí kẹ́tùrù, irin hítà, ihò áyọ́ọ̀nù tí ń tú ooru omi. Èépá yìí kì í jẹ́ kí ooru irin dé ara omi bí ó ti yẹ, nítorí náà irin náà yóò máa gbóná kọjá ààlà títí yóò fi jó. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí púlọ́ńbà kan ń tú irú irin bẹ́ẹ̀ ní Lugbe. Irin tí kò ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí wọ́n rà á ti nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gba ojú ihò tí ó gbà wọlé jáde mọ́. Ọkùnrin náà fi ìdí sukudiráfà gbá èépá rẹ̀ kúrò ní wẹ́wẹ́, ó tó bí ẹ̀kúnwọ́ méjì, kí irin tó yọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da omi líle pọ̀ mọ́ omi onírin. Ilẹ̀ pupa wa máa ń fi irin sínú omi, irú omi bẹ́ẹ̀ sì lè mọ́ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, kí ó wá pọ́n nínú báàkẹ́tì lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Àbàwọ́n irin pupa bí ìdógùn-ún, ti omi líle funfun, ó sì le bí èèpo ẹyin. Omi kan lè ní méjèèjì, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ wá ìgò kékeré kan tí ó mọ́ gaara, ẹ bu omi yín sí ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ wá rẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ gígùn bí èékánná ìka kékeré sínú rẹ̀. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé wọ́n ti po ohun tí ń borí líle omi mọ́ ọn, yóò sì tàn yín jẹ. Ẹ ṣe ìgò kejì bákan náà pẹ̀lú omi òjò, kí ẹ mi àwọn méjèèjì fún ìwọ̀n àkókò kan náà. Omi rírọ̀ yóò hó dé ọrùn ìgò, abẹ́ ìfófòó rẹ̀ yóò sì mọ́. Omi líle kò ní hó tó bẹ́ẹ̀, yóò dà bí omi ògì, ẹ ó sì rí ìpẹ́pẹ́ funfun tí ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ láàárín ìgò méjèèjì kò bá tó nǹkan, ẹ pa owó yín mọ́.

Bí ìyàtọ̀ bá hàn, iye ni ó kù. Ilé àyẹ̀wò omi lè wọ̀n ọ́n, ohun èlò kékeré tí a ń kán sínú omi náà sì wà: ẹ ó máa ka ẹ̀kán rẹ̀ títí omi tí ó pọ́n bí wáìnì yóò fi di aró. Mìlígíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n fi ń ka líle omi. Omi tí kò ju 60 lọ ni a ń pè ní rírọ̀, láti 61 dé 120 ni ó le díẹ̀, láti 121 dé 180 ni ó le, èyí tí ó bá ju 180 lọ le gan-an. Òdiwọ̀n ìjọba Nàìjíríà fún omi mímu kò fẹ́ kí ó kọjá 150. Ẹ ní kí ilé àyẹ̀wò wo irin inú omi náà pẹ̀lú, òdiwọ̀n tiwa fún un sì jẹ́ 0.3. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yẹ omi wò ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn àti ní àárín òjò, torí pé omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń yí padà bí ó bá lọ sílẹ̀. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra ẹ̀rọ nítorí omi tí kò tó 120. Kí wọ́n máa fọ kẹ́tùrù lóòrèkóòrè tó.

Ní ti ìlera, omi líle kì í ṣe omi àìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n ìlera kankan dí i lọ́nà, kálísíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù sì jẹ́ ohun tí ara ń lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín nípa fífi àìsàn kíndìnrín dẹ́rù bà yín, ẹ ní kí ó fi ìwé àyẹ̀wò omi yín hàn yín ná.

Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n sì ń tà lórúkọ kan náà. Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ inú omi rògún, kì í mú líle kúrò. Kúlórínì ń pa kòkòrò, kò kan líle. Ọ̀pá gíga méjì tí wọ́n kó yanrìn àti èédú sí, tí a ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì ní ọ̀pọ̀ ọgbà, dára fún ìdọ̀tí àti òórùn, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù tí ó ti yọ́ sínú omi yóò gba àárín yanrìn àti èédú kọjá láìsí ìdíwọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù kì í yọ ohunkóhun kúrò nínú omi. Àbájáde rẹ̀ kò dúró lójú kan, èmi kò sì lè fi owó mi lé e. Omi sísè máa ń yọ apá kan líle omi, apá tí ó wà pẹ̀lú baikábọ́nétì, apá ìyókù yóò ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò se omi ìfọṣọ odidi ilé.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Nínú ẹ̀rọ amómirọ̀ gidi ni résìn wà, hóró wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oyin tí kò tóbi ju ẹyin ẹja lọ, tí wọ́n ti fi sódíọ̀mù sí lára. Bí omi líle bá ń gba àárín wọn kọjá, résìn yóò di kálísíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù mú, yóò sì fi sódíọ̀mù sílẹ̀ dípò wọn. Nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ bá ti kún, kò ní lè gbà mọ́, omi líle yóò sì máa kọjá bí ẹni pé kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ìgbà náà ni a ó fi omi iyọ̀ tí ó le fọ̀ ọ́: sódíọ̀mù tí ó pọ̀ nínú iyọ̀ yóò lé kálísíọ̀mù kúrò, a ó da omi ìdọ̀tí náà nù, résìn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà ẹ̀rọ tí wọn kò lo iyọ̀ sí rárá kì í ṣe irú èyí tí à ń sọ, bí ó ti wù kí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ tó.

Ìṣirò ìwọ̀n rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ènìyàn mẹ́fà wà nínú ilé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 100 lójúmọ́, tí líle omi sì jẹ́ 250. Lítà 600 lọ́nà 250 jẹ́ mìlígíráàmù 150,000, ìyẹn gíráàmù 150 tí résìn gbọ́dọ̀ dì mú lójúmọ́. Lítà résìn kan, bí a bá ń fi bíi gíráàmù iyọ̀ 120 fọ̀ ọ́, lè dì tó gíráàmù 45 mú. Ẹ̀rọ tí ó ní résìn lítà 25 yóò gba bíi gíráàmù 1,125, èyí tí ó tó ọjọ́ méje ó lé díẹ̀. Kí ẹ máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kẹfà kẹfà, kí aṣọ ọjọ́ Sátidé má baà bá résìn tí ó ti kún. Kílò iyọ̀ mẹ́ta ni fífọ̀ kan yóò gbà, àpò oníkílò 25 kan yóò sì lò tó nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí ń rò ó mọ́ ilé tí omi ìjọba ń tì wọlé pẹ̀lú agbára ní gbogbo ìgbà, tí iná kì í sì í lọ. Fáàfù orí rẹ̀, tí ń fa omi iyọ̀ sínú résìn, sábà máa ń fẹ́ agbára tí ó tó báà 1.5 sí 2 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Táǹkì tí ó wà lórí òpó mítà mẹ́fà kò lè fún un ju 0.6 lọ ní ìsàlẹ̀, torí pé mítà mẹ́wàá gíga ni ó ń mú báà kan wá. Bí wọ́n bá kàn so ẹ̀rọ náà mọ́ páìpù tí ó ń bọ̀ láti táǹkì, omi yóò máa kọjá nínú rẹ̀, ìdílé yóò sì rò pé gbogbo nǹkan dára; ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó fa iyọ̀, kò ní rí agbára fà á, iyọ̀ inú ike yóò wà bí ó ṣe wà láti oṣù dé oṣù. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ nílé tí iyọ̀ rẹ̀ kì í dín, ohun tí ó ń ṣe é nìyẹn, ẹ má tíì lọ ra résìn tuntun.

Àwọn kan máa ń gbé e sáàárín bóòhólù àti táǹkì, kí agbára súmò lè ràn án lọ́wọ́. Ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wàhálà méjì ló ń bá a wá. Àkọ́kọ́, lítà résìn kan kò gbọdọ̀ gbà ju bíi lítà omi 40 lọ ní wákàtí kan, èyí tí ó túmọ̀ sí lítà 1,000 fún ẹ̀rọ onílítà 25. Súmò lè ti ìlọ́po méjì rẹ̀, omi yóò sì sáré kọjá kí résìn tó rí i dì mú. Èkejì, gbogbo omi ilé ni yóò di rírọ̀, títí kan èyí tí ẹ ń bu sí ìdí ewébẹ̀ àti èyí tí ẹ fi ń fọ mọ́tò, iyọ̀ yóò sì máa lọ lásán.

Èyí tí mo fara mọ́ ni kí ẹ gbé páǹpù kékeré tí ń fún omi lágbára sí abẹ́ táǹkì, kí ẹ wá ya páìpù sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan yóò gba inú ẹ̀rọ amómirọ̀ lọ sí hítà, ilé ìwẹ̀ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èkejì yóò lọ tààrà sí ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀rọ omi ìta. Báyìí, omi tí ẹ ń sọ di rírọ̀ lè dín sí ìdajì, ọjọ́ tí résìn yóò lò yóò sì di ìlọ́po méjì. Ní ti fáàfù, ẹ mú èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Èyí tí ó ní aago máa ń lo iná láti mọ ìgbà tí yóò fọ ara rẹ̀. Bí iná bá lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbàgbé aago, wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ résìn nígbà tí àwọn ọmọ ń múra ilé ìwé, tàbí kí iná lọ láàárín fífọ̀ kí iyọ̀ sì jókòó sínú páìpù. Ẹni tí ó ní ínfátà tí ó dúró dáadáa lè lo aláago.

Ẹ ní kí púlọ́ńbà fi fáàfù mẹ́ta yí ẹ̀rọ náà ká, kí omi lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ tí ó bá bàjẹ́ tàbí tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Kí asẹ́ ìdọ̀tí wà níwájú rẹ̀, torí yanrìn bóòhólù máa ń há sí ihò kékeré tí ń fa iyọ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé irin pọ̀, asẹ́ irin ni yóò kọ́kọ́ wà. Irin máa ń bo résìn, iyọ̀ lásán kì í sì í tètè bó o. Bákan náà, bí ẹ bá ń da kúlórínì sí táǹkì, kí ó má pọ̀, nítorí ó máa ń jẹ résìn. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sábẹ́ òrùlé, oòrùn Abuja kò ṣàánú ike.

Fífi iyọ̀ fọ résìn

Iyọ̀ oníhóró tàbí onítábúlẹ́ẹ̀tì tí ó mọ́ ni kí ẹ rà. Iyọ̀ ọbẹ̀ kíkúnná máa ń dì pọ̀ nísàlẹ̀ ike, iyọ̀ òkúta tí ó dọ̀tí sì máa ń fi ẹrẹ̀ síbẹ̀. Lítà omi kan kì í lè yọ́ ju bíi gíráàmù iyọ̀ 360 lọ, nítorí náà kílò mẹ́ta yóò fẹ́ omi lítà mẹ́sàn-án. Ẹ po wọ́n pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Lọ́jọ́ náà, ẹ tan páǹpù, kí ẹ yí fáàfù sí ibi tí omi yóò ti máa ti ìsàlẹ̀ résìn lọ sókè, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí yóò tú résìn sílẹ̀, yóò sì gbé ìdọ̀tí jáde. Bí ẹ bá rí hóró résìn nínú omi tí ń jáde, ẹ dín agbára omi kù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yí i sí ibi ìfayọ̀. Omi iyọ̀ gbọ́dọ̀ máa rọra lọ, nítorí pé àkókò tí ó fi wà pẹ̀lú résìn ni ó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ fún un ní wákàtí kan pẹ̀lú omi tí yóò tẹ̀ lé e láti rọra ti iyọ̀ náà já. Ẹ fi àmì sí ara ike kí ẹ lè rí i pé omi iyọ̀ ń lọ sílẹ̀ ní tòótọ́. Ní ìkẹyìn, ẹ yí i sí ibi ìṣan kíákíá fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ tọ́ omi tí ń jáde wò. Bí iyọ̀ bá ṣì wà lẹ́nu, ẹ ṣàn án sí i. Bí kò bá sí mọ́, ẹ fi ìgò àti ọṣẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìfófòó tí ó bá dé ọrùn ìgò ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí, ẹ lè dá fáàfù padà sí ibi iṣẹ́.

Gbogbo èyí lè gba omi lítà 150 sí 200, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí táǹkì bá kù díẹ̀. Omi iyọ̀ tí ó jáde kò gbọdọ̀ dé ìdí igi, ìdí ewébẹ̀ tàbí etí kànga.

Omi mímu àti àwọn ohun mìíràn

Sódíọ̀mù tí ẹ̀rọ ń fi sínú omi ṣeé ṣírò: mìlígíráàmù líle kọ̀ọ̀kan tí ó bá kúrò ń fi mìlígíráàmù sódíọ̀mù 0.46 sílẹ̀. Omi wa tí líle rẹ̀ jẹ́ 250 yóò gba mìlígíráàmù 115 sínú lítà kan. Ẹni tí ó bá mu lítà méjì lójúmọ́ yóò rí 230 níbẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí àgbàlagbà jẹ tó 2,000 nínú gbogbo oúnjẹ ọjọ́ kan. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, kò burú. Fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò yẹ kí a fi kún un, a kì í sì í fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà ìkókó. Bí líle omi bá ju 400 lọ, omi tí ó jáde lè súnmọ́ tàbí kọjá 200 tí òdiwọ̀n Nàìjíríà gbà fún sódíọ̀mù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ilé ìdáná ní páìpù tirẹ̀. Àwọn kan máa ń lo iyọ̀ pòtásíọ̀mù dípò. Ó wọ́n, kò sì yẹ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Omi rírọ̀ yìí kò sì yẹ fún bátìrì ínfátà rárá. Omi bátìrì gidi ni kí ẹ máa rà sí i.

Èépá tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ kò ní ṣí lójijì nítorí pé omi ti rọ̀. Fún kẹ́tùrù, ẹ da fíníkà àti omi ní ìdajì-ìdajì sí i, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí ẹ gbé e kaná díẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ wá ṣàn án dáadáa. Orí ṣáwà ni ẹ ó tú sínú abọ́ fíníkà di òwúrọ̀. Hítà jẹ́ iṣẹ́ púlọ́ńbà tàbí oníná, kí iná rẹ̀ sì kúrò pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án; bí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ má gbé ooru rẹ̀ kọjá 60. Ẹ má ṣe da fíníkà pọ̀ mọ́ omi ìfọṣọfunfun tí ó ní kúlórínì láéláé, afẹ́fẹ́ olóró ni ó ń mú jáde.

Ayálégbé tí kò lè gé páìpù onílé náà ní ọ̀nà. Fún omi ìfọṣọ, ṣíbí ìmutíì kan sódà ìfọṣọ tó fún báàkẹ́tì onílítà 20 tí líle omi rẹ̀ jẹ́ bíi 250. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ jẹ́ kí ohun funfun inú rẹ̀ rògún, kí ẹ wá re omi ojú rẹ̀ lò. Ẹ ṣọ́ra kí olùtajà má ta sódà olóró tí àwọn aṣọṣẹ ń lò fún yín, torí ìyẹn máa ń bó ọwọ́ àti ojú. Láti oṣù karùn-ún dé ìkẹwàá, omi òjò tó fún aṣọ funfun àti orí fífọ̀ ní Abuja; ẹ kàn jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù, kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì da nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn.